Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni: kí ni òfin ń retí lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì ní Texas?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yunifásítì ìjọba kan ní Texas ni mo ti ń kọ́ni, físà H-1B ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì. Ọmọ Yorùbá ni, láti ilé ló ti wá kàwé. Ó fẹ́ kí n bá òun sún ọjọ́ tí òun máa fi iṣẹ́ kíláàsì ránṣẹ́ sí mi síwájú. Mo bi í pé kí ló dé, ló bá bú sẹ́kún. Ó ní ọ̀gá láàbù tí òun ti ń ṣiṣẹ́ máa ń fọwọ́ pa òun lára, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe ránṣẹ́ sórí fóònù òun lóru. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ṣèlérí. HOD wa, ìyẹn olórí ẹ̀ka wa, àti ọ̀gá yìí jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu. Èmi náà ò sì fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Ṣé dandan ni kí n sọ ọ́? Ta ni mo máa sọ fún? Ṣé mi ò lè pe àwọn méjèèjì jókòó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrònú, sà. Dandan ni, òní ni ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Ọ́fíìsì Title IX ti yunifásítì yín, èyí tó ń gbọ́ ẹ̀sùn fífi ìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu, ni ẹ máa sọ fún. Ẹ má gba ọ̀dọ̀ HOD lọ. Ẹ má pe ọ̀gá láàbù náà, ẹ má sì pe àwọn méjèèjì jókòó. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ́fíìsì yẹn, ẹ wá ọmọ náà kàn, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Òfin méjì ló wà níbí, wọn ò sì fẹ́ ohun kan náà lọ́wọ́ yín. Àkọ́kọ́ ni Title IX, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1972. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni tàbí fi nǹkan dù ú nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Fífi ìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu wà lára ohun tó kà léèwọ̀. Ìlànà tí àwọn yunifásítì ń tẹ̀ lé lábẹ́ rẹ̀ ni èyí tó jáde ní 2020. Wọ́n ṣe tuntun ní 2024, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ àpapọ̀ kan ní Kentucky fagi lé e ní January 2025, ni gbogbo wọn bá padà sórí ti 2020. Ọ̀pọ̀ ìwé àlàyé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣì ń sọ ti 2024, nítorí náà ẹ máa wo ọdún tí wọ́n kọ ohun tí ẹ bá ń kà. Ìlànà 2020 yìí kò di ẹrù ìfisùn lé gbogbo olùkọ́ yunifásítì lórí. Ó fi í sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan yan àwọn tó máa gbé e, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti kọ ọ́ sínú òfin tiwọn pé gbogbo olùkọ́ wà níbẹ̀.

Òfin Texas ló mú ọ̀rọ̀ tiyín le. Wọ́n ń pè é ní SB 212. Ní 2019 ni wọ́n ṣe é, láti ọjọ́ kìíní January 2020 ló sì ti ń de òṣìṣẹ́, ní yunifásítì ìjọba àti ti aládàáni. Ohun mẹ́rin ló kàn án: fífi ìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu, ìfipábánilòpọ̀, lílu olólùfẹ́ ẹni tàbí fífi ìyà jẹ ẹ́, àti títọpa ẹni kiri títí ẹ̀rù yóò fi máa bà á. Òṣìṣẹ́ tó bá fojú rí ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí wọ́n sọ ọ́ fún lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ tètè fi tó alákòóso Title IX tàbí igbákejì rẹ̀ létí, bí ẹni tó ṣe é tàbí ẹni tí wọ́n ṣe é sí bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Òfin kò ní kí ẹ kó ẹ̀rí jọ. Ó tó pé kí ohun tí ẹ gbọ́ jẹ́ èyí tí ọlọ́gbọ́n èèyàn máa gbà pé ó jọ ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí. Ọ̀gá tó ń fọwọ́ pa ọmọọṣẹ́ lára, tó ń fi ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe ránṣẹ́ sí i lóru, kò jìnnà síbẹ̀ rárá.

Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ti rú òfin ìjọba, ó sì kúrò ní ìwé ìkìlọ̀ lásán. Class B misdemeanor, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn tí kò tóbi jù, ni wọ́n kà á sí: ẹ̀wọ̀n tí kò ju 180 ọjọ́, owó ìtanràn tí kò ju $2,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá fi hàn nílé ẹjọ́ pé ńṣe ló fẹ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ó di Class A, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún kan, tí owó rẹ̀ lè tó $4,000. Bí yunifásítì bá tẹ̀ lé ìlànà ìbáwí tirẹ̀, tó rí i pé òṣìṣẹ́ jẹ̀bi èyí, òfin ní kí ó dá a dúró. Kò sí pé ó ń ro ó wò. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí H-1B ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: bí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ tí ìjọba máa fún yín láti wá iṣẹ́ mìíràn tàbí yí físà padà kò lè ju 60 lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ti lọ, òótọ́ ni. Ẹ má tìtorí ìyẹn sá. Òfin kò ka wákàtí fúnni, "kíákíá" ló sọ, ẹni tó sì pẹ́ díẹ̀ tó wá sọ yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tí wọ́n rí i pé ó mọ̀ tí kò sọ. Ibi tó léwu ni kí ẹ yí ọjọ́ padà, kí ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé àná ló sọ fún yín. Ọjọ́ tó sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi gbólóhùn kan sí i pé ìlérí tí ẹ ṣe fún ọmọ náà ló dá yín dúró. Ẹni tó bá parọ́ ọjọ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rí kalẹ̀ pé òun fẹ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ẹ ní ẹ ò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Àwọn àgbà ló sọ pé agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ dá ẹjọ́? Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ kò ní sọ pé ọkùnrin náà ṣe é. Ohun tó máa sọ ni pé lágbájá sọ fún mi báyìí, lọ́jọ́ báyìí. Àwọn tó máa gbọ́ tẹnu ẹnì kejì wà lọ́hùn-ún, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Bí ọmọ náà bá fi ẹ̀sùn kàn án, ìlànà 2020 ní kí wọ́n kọ̀wé sí ọkùnrin náà, kí wọ́n sọ ẹ̀sùn náà fún un, kí wọ́n jẹ́ kí ó rí ẹ̀rí tí wọ́n kó jọ, kí ó ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá láti fèsì sí i, kí olùdámọ̀ràn rẹ̀ sì lè bi àwọn ẹlẹ́rìí léèrè níwájú ìgbìmọ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ ti dá ẹjọ́ nìyẹn, ẹ sì dá a láre láìgbọ́ tẹnu ẹnì kankan.

Ti pé kí ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó, ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé, nítorí ohun tí àgbàlagbà nílé wa máa kọ́kọ́ rò nìyẹn: a pe ẹ̀gbọ́n, a pe pásítọ̀, a bá wọn dá sí i, ó parí. Níbí, ó ń ba nǹkan jẹ́. Òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá láàbù, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ náà. Ìlànà 2020 sọ ọ́ gbangba pé yunifásítì fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ìlàjà parí ẹ̀sùn pé òṣìṣẹ́ fi ìbálòpọ̀ yọ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Bí òfin kò bá gba yunifásítì láyè, ẹ ò lè ṣe é ní ọ́fíìsì yín. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí owó iṣẹ́ ọmọ yẹn, òun ló máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún un. Bí wọ́n bá jókòó níwájú yín tí ẹ ní kí wọ́n bára wọn dọ́rẹ̀ẹ́, "mo ti gbà, sà" lọmọ máa sọ. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ọkùnrin náà ti mọ̀ pé ó ti sọ̀rọ̀, àyè sì ti wà fún un láti pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́, láti bá àwọn tó kù ní láàbù sọ̀rọ̀, láti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọ náà kò mọṣẹ́.

Bákan náà, ẹ má ṣe ìwádìí kankan fúnra yín. Ẹ má ní kí ó kó fóònù wá kí ẹ wò ó, ẹ má lọ bi àwọn tí wọ́n jọ wà ní láàbù. Ẹ má sì béèrè pé kí ló gbé e débẹ̀ lálẹ́ tàbí aṣọ wo ló wọ̀. Bí ẹ bá ṣe bi í sí ni ìdáhùn rẹ̀ ṣe máa yí, olùdámọ̀ràn ọkùnrin náà sì máa fi ìyàtọ̀ àárín ohun tó sọ fún yín àti ohun tó sọ fún aṣèwádìí mú un nígbà tó bá yá.

HOD yín ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ni òun náà, ẹrù kan náà ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n sísọ fún un kò sọ ẹrù tiyín kalẹ̀, nítorí òfin Texas dárúkọ ẹni tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ti lè kó sínú wàhálà: ó sọ fún HOD, HOD ní òun máa rí sí i, kò sì rí sí i. Níbi tí HOD ti jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tí wọ́n dárúkọ, kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọmọ náà, torí ibẹ̀ ni ìṣòro yín gan-an wà. Ẹ ti ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín láti ṣèlérí. Bí ó bá jẹ́ pé ímeèlì láti ọ́fíìsì kan tí kò mọ̀ rí ló kọ́kọ́ bá a, ó máa gbà pé ẹ dalẹ̀ òun, ó sì lè má sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ pè é wá sí ọ́fíìsì, tàbí kí ẹ pè é lórí fóònù bí kò bá lè wá. Ẹ má kọ ọ́ sínú ímeèlì. Ẹ lè sọ báyìí:

"Mo ṣèlérí fún ọ lọ́jọ́ yẹn pé mi ò ní sọ, kò sì yẹ kí n ti ṣe ìlérí yẹn. Jọ̀ọ́, má bínú. Òfin Texas sọ pé olùkọ́ tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ fi tó ọ́fíìsì Title IX létí, mo sì máa kọ ọ́ ránṣẹ́ lónìí. Mo máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé o fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n máa kọ̀wé sí ọ. Kò sí dandan pé kí o dá wọn lóhùn, kò sí dandan pé kí o fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kò sì sí dandan pé kí o lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ìwọ lo máa yan ìyẹn. Ṣùgbọ́n má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́. Ya àwòrán ojú fóònù rẹ, kí ọjọ́ àti aago hàn níbẹ̀, kí o sì tọ́jú rẹ̀ síbi mìíràn yàtọ̀ sí fóònù yẹn."

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un nípa àwọn tó lè bá sọ̀rọ̀ tí wọn ò ní dárúkọ rẹ̀: àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn tí yunifásítì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró lọ́dọ̀ wọn. Ní Texas, àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú máa ń jábọ̀, ṣùgbọ́n irú ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ọjọ́ tó ní kí ẹ sún síwájú, ẹ sún un fún un. Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín, kò sí pé ẹ ń dúró de ọ́fíìsì kankan, ẹ má sì béèrè ìwé ẹ̀rí kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Bó bá wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní F-1, ẹ kìlọ̀ fún un kí ó má fi ìrora jù kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Fífi ẹ̀sùn kan ènìyàn kò kan físà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kọ́ọ̀sì rẹ̀ bá dín sí iye tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ F-1 máa ṣe láìgba àṣẹ ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ṣáájú, ìyẹn ló lè ba físà jẹ́. Kí ó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì yẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú nìyí, wọ́n á kúrò ní kọ́ọ̀sì kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n á wá bá ara wọn nínú wàhálà físà.

Ìwé tí ẹ máa kọ kò ní gùn. Ààbọ̀ ojú ewé tó. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní fọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lo èyí tó ní orúkọ yín nínú, ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láìdárúkọ, torí ẹ ò ní lè fi hàn lọ́jọ́ iwájú pé ẹ ti ṣe ojúṣe yín. Orúkọ ọmọ náà ní kíkún, orúkọ ọ̀gá láàbù, ọjọ́, aago àti ibi tó ti bá yín sọ̀rọ̀, ohun tó sọ pé ó ṣẹlẹ̀, ìgbà àti ibi tó ní ó ti ṣẹlẹ̀, orúkọ ẹni tó ní ó rí i bó bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, àti pé ó fẹ́ bòókẹ́lẹ́. Òfin Texas dá ti ìkẹyìn yẹn mọ̀ ní tààrà: gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ tó lè ràn ìwádìí lọ́wọ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ, títí kan bóyá ẹni náà ní òun fẹ́ bòókẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ kọ, ẹ má tún un sọ dáradára. Bó bá ní "ó fọwọ́ pa mí létí, ó tún fọwọ́ pa mí lẹ́yìn", ẹ má kọ "ó bá a ṣe ìṣekúṣe". Ẹ má sọ pé ó jọ pé òótọ́ ló ń sọ, ẹ má sì sọ pé ó jọ pé ó ń ṣàsọdùn. Bó bá jẹ́ Yorùbá ló fi sọ ọ́, ẹ kọ gbólóhùn tó wúwo jù náà bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀. Olùtúmọ̀ mìíràn lè wá wò ó nígbà tó bá yá. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, àti ímeèlì tó fi hàn pé wọ́n ti rí i gbà.

Lẹ́yìn èyí, alákòóso Title IX gbọ́dọ̀ tètè kàn sí ọmọ náà, kí ó sọ ìrànwọ́ tó lè rí gbà fún un, bó fi ẹ̀sùn kan ọ̀gá náà tàbí kò fi kàn án: kí wọ́n gbé e kúrò ní láàbù láìdín owó rẹ̀ kù, kí wọ́n pàṣẹ pé kí ọkùnrin náà má bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n yí ìgbà kíláàsì tàbí yàrá rẹ̀ padà. Òfin Texas sọ pé ẹni tó bá yẹ kó ṣe ìwádìí, tọ́jú rẹ̀ tàbí mú òfin ṣẹ nìkan ló lè mọ orúkọ rẹ̀, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Bí ó bá ní òun ò fẹ́ ìwádìí, ọ́fíìsì lè gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n alákòóso lè fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀sùn bí ewu bá pọ̀, fún àpẹẹrẹ bí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa ọ̀gá yìí. Èyí ni ìdí tí ìwé tiyín fi ṣe pàtàkì: ó lè jẹ́ ìkẹta lórí tábìlì alákòóso, ẹ ò sì ní mọ̀. Wọn ò ní sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún yín, ẹ má retí rẹ̀. Ẹ má tún máa bi ọmọ náà léèrè ní gbogbo ìgbà.

Bí HOD bá wá fẹ́ gbẹ̀san lára yín nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀, nípa àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fún yín tàbí lórí àyẹ̀wò iṣẹ́ yín, ẹ ní ààbò. Ní 2005, nínú ẹjọ́ Jackson àti ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ Birmingham, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà sọ pé Title IX dáàbò bo ẹni tí wọ́n fìyà jẹ torí pé ó fi sùn pé wọ́n ń fi nǹkan du ẹlòmíràn nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Olùkọ́ eré ìdárayá ni ẹni tó pẹjọ́ náà. Òfin Texas pẹ̀lú sọ pé wọn ò lè pe ẹni tó fi òótọ́ inú jábọ̀ lẹ́jọ́ torí ìjábọ̀ náà, yunifásítì ò sì lè bá a wí lórí rẹ̀. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí ẹ tọ́jú lẹ́tà àyẹ̀wò iṣẹ́ yín ti ọdún tó kọjá.

Ohun mìíràn tí ẹ lè gbọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú SB 212, ṣùgbọ́n ìlànà yunifásítì yín lè ní kí ẹ sọ ọ́: pé wọ́n ń fi awọ ara tàbí ilẹ̀ tí ènìyàn ti wá ṣẹ̀sín (òfin Title VI ti 1964 ló kàn án), tàbí pé wọ́n ń fi nǹkan dù ú nítorí àìlera. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba ni ìyẹn máa ń lọ. Ti oyún yàtọ̀: abẹ́ Title IX ló wà, bí dókítà bá sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sinmi torí oyún tàbí ìbímọ, ẹ gbọ́dọ̀ gbà á padà síbi tó ti dúró. Olùkọ́ tó bá kọ̀ ti di ẹni tí wọ́n máa fẹ̀sùn kàn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń ṣe olùdámọ̀ràn fún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa, bóyá Clery Act ti 1990 kàn yín. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ní iṣẹ́ nínú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe níta kíláàsì gbọ́dọ̀ jábọ̀ ìwà ọ̀daràn tó gbọ́, kí ó lè wọ inú ìṣirò tí yunifásítì ń gbé jáde kí ọjọ́ kìíní October tó kọjá lọ́dọọdún.

Láti sáà tó ń bọ̀, ẹ kọ gbólóhùn kan sí ìwé kọ́ọ̀sì yín: pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún yín pé wọ́n fi ìbálòpọ̀ yọ òun lẹ́nu, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ọ́fíìsì Title IX létí. Kí orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ máa ń dúró lọ́dọ̀ wọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ bá wọlé tí omi ń dà lójú rẹ̀, ẹ dá a dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀: "Kí o tó sọ ọ́, jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò lè fi ṣe àṣírí fún ọ." Ó máa dà bí ẹni pé ẹ ń lé e. Ṣùgbọ́n àyè yíyàn tí ẹ ò fún ọmọ yìí lọ́jọ́ mẹ́rin sẹ́yìn nìyẹn.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ọmọ náà kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ pe ọ́fíìsì náà lórí fóònù, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n rí ìwé yín gbà. Bí yunifásítì bá kọ̀ tó jókòó lé e, ọmọ náà lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ aráàlú ní ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀. 180 ọjọ́ ni wọ́n fúnni, láti ọjọ́ tí ohun tó kẹ́yìn ṣẹlẹ̀. Ẹ bá a kọ ọjọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ tó kẹ́yìn wọlé sílẹ̀ lónìí, kí ẹ jọ ka 180 ọjọ́ síwájú.